Sísọ̀kalẹ̀ Le Ju Gígun Lọ: Bí A Ṣe Lọ sí Òkè Colorado

Láti ìgbà tí mo ti dé láti Amẹ́ríkà, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn ń bi mí: ṣé lóòótọ́ ni ilé wọn kan ojú ọ̀run? Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ó ga gan-an. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé ló dẹ́rù bà mí níbẹ̀. Òkè ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó pè mí ní ojo, kó rántí pé Ìdànrè ni wọ́n bí mi sí. Orí òkè ni ìyá ìyá mi dàgbà sí kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Mo ti gun àtẹ̀gùn òkè yẹn láìmọye ìgbà, pẹ̀lú ẹrù lórí. Èmi kì í ṣe ojo. Ẹ̀rù ló bà mí, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ìlú tí kò ní òkè

Ọkọ mi, Délé, ló kọ́kọ́ lọ sí Houston láti kàwé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì gbà á sílé. Mo bá a lọ ní àárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí owó epo rọ̀bì ti wálẹ̀ lọ́jà tí iṣẹ́ sì ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Àwọn òyìnbó ọ̀dọ́ ni wọ́n kọ́ apátímẹ́ǹtì tí a ń gbé ní àdúgbò Gulfton fún, pẹ̀lú odò ìwẹ̀ nínú àgbàlá. Nígbà tí iṣẹ́ epo dẹnu kọlẹ̀, àwọn yẹn kó lọ, àwa àti àwọn ará Mexico kó wọlé. Kò sí omi nínú odò ìwẹ̀ náà mọ́. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí ni mò ń pè ní Bọ̀dá, nítorí pé ìyàwó kì í dárúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ. Bọ̀dá ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ epo kan ní Westchase. Wọ́n ga, ohùn wọn nípọn, wọ́n sì mọ mọ́tò wà. Mo ní láti sọ èyí kí ẹ má baà rò pé mo fẹ́ bú wọn. Àwọn ni wọ́n mú ọkọ mi wá, àwọn ni wọ́n mú èmi wá, nígbà tó yá, wọ́n tún mú Màmá, ìyá wọn, wá láti Iléṣà.

Màmá ń kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé nínú àgbàlá wa. Ìyá Mexico kan tó ń gbé nísàlẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn lóhùn ní èdè tirẹ̀. Àwọn méjèèjì á dúró, wọn á sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ èdè ẹnì kejì, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á sì pínyà bí ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ìlú náà sú Màmá. Houston tẹ́jú bí ẹní. Bí o bá fẹ́ dé ibi gíga, àfi kí o gba orí afárá fríwéè, òpópónà ńlá wọn.

"Akin," Màmá sọ fún Bọ̀dá lọ́jọ́ kan, lórí iyán tí mo fi ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún rò, "ṣé bí ilẹ̀ yìí ṣe tẹ́ lọ nìyí? Kí ni ojú wọn ń rí tí wọ́n bá jí?"

Bọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Màmá, òkè ń bẹ. Kò kàn sí ní Houston ni. Mo máa wà yín lọ sí Colorado. Ẹ máa rí òkè tí snow wà lórí ẹ̀, nínú summer."

Bí ìrìn-àjò wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bọ̀dá wà níbi ìdarí, Màmá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, èmi àti ọkọ mi wà lẹ́yìn. Kúlà tó kún fún ìrẹsì, ẹran díńdín àti mọ́ínmọ́ín tí mo sè nínú agolo wà láàárín wa.

Texas kì í tán

A jẹun àárọ̀, a wà ní Texas. A jẹun ọ̀sán, Texas náà ni. Ilẹ̀ fẹ́ ṣú, a ò tíì jáde níbẹ̀. "Ṣé kì í ṣe pé a ń yí po?" Màmá béèrè. Kò sí ilé, kò sí oko, kò sí ẹni tó ń rìn lẹ́bàá ọ̀nà. Ní tiwa, bí mọ́tò bá bà jẹ́ níbikíbi, ẹnìkan á yọ láti inú igbó, kódà bó jẹ́ pé ó kàn wá wòran ni. Mo ń wo ilẹ̀ gbẹrẹfu yẹn, mo ń rò ó pé bí nǹkan bá ṣe wá níbí, ta ni yóò gbọ́ igbe wa? Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ mí lára, kí a tó rí òkè rárá.

A yà sí ilé oúnjẹ kan ní ìlú kékeré kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Bí a ṣe wọlé, gbogbo àwọn tó ń jẹun gbé orí sókè. Kì í ṣe ìwò ìbínú. Bí àwa náà ṣe máa ń wo òyìnbó tó bá ṣèèṣì yà sí abúlé wa ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Èmi tí mo ti máa ń wo àlejò, n ò mọ̀ pé bó ṣe ń rí lára àlejò nìyẹn.

Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ ti dàgbà, gbogbo wa ló sì ń pè ní "honey". Ó bu kọfí fún Màmá. Màmá ò fẹ́ràn kọfí, ṣùgbọ́n lójú tiwọn, àlejò kì í kọ ohun tí wọ́n bá bù fún un, ni wọ́n bá gbé e mu tán. Obìnrin náà rí i pé ife ti ṣófo, ó tún bù ú kún. Màmá tún fara dà á, wọ́n mu ún. Ó tún padà wá.

"Ìyàwó," Màmá rọra sọ fún mi, "kí ni mo ṣe fún obìnrin yìí?"

Mo ní bí wọn ò bá fẹ́ mọ́, kí wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ife. Wọ́n wò mí bí ẹni tí wọ́n kọ́ ní ìwàkiwà. Wọ́n mu ún tán. Ní òtẹ́ẹ̀lì tí a sùn sí, Màmá ò fojú kan oorun, orin ìyìn ni wọ́n ń kọ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọkùnrin ẹnu géètì

Òkè náà kọ́kọ́ yọ bí ìkùukùu lọ́nà jíjìn, ó funfun lórí. Mo rò pé ìkùukùu ni lóòótọ́. Nígbà tí a rìn títí tí kò sún kúrò lójú kan, mo wá mọ̀ pé ilẹ̀ ni mò ń wò.

Géètì kan wà ní ẹsẹ̀ òkè náà, ọkùnrin òyìnbó kan tó dé fìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní bí a bá ń bọ̀ nísàlẹ̀, kí a fi jíà sí L, ìyẹn jíà kékeré, kí ẹ́ńjìnì máa di mọ́tò mú, kí a má máa fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì ṣáá. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, ó ń fi ọwọ́ júwe bí ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀. Ìyẹn gan-an ló ba nǹkan jẹ́.

"Thank you, sir," Bọ̀dá wí, wọ́n sì yí gíláàsì sókè. Nígbà tí a kọjá tán, wọ́n ní, "Ẹ wo ọ̀gbẹ́ni yìí. Ó ti rí black man, ó ti rò pé mi ò mọ mọ́tò wà. Èmi tí mo ti ń wa Iléṣà sí Àkúrẹ́ nígbà tí ènìyàn ò tíì gbọ́ orúkọ Colorado."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ohun tó ń dun Bọ̀dá. Òyìnbó tí Bọ̀dá fúnra wọn kọ́ níṣẹ́ ní ọ́fíìsì ti di ọ̀gá wọn, òun náà a sì máa fọwọ́ júwe nǹkan fún wọn báyẹn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni mí, mi ò lè rí pátákó kí n má kà á. Pátákó sì pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: lo jíà kékeré, bíréèkì tó bá gbóná kì í mú. Mo kà wọ́n sínú.

Ibi tí igi ò ti hù

Nígbà tó ṣe, ọ̀dà tán lójú ọ̀nà, ó ku erùpẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́. Igi ń kúrú sí i bí a ṣe ń gòkè, títí igi fi tán pátápátá. Kò sí irin kankan létí ọ̀nà tó lè dá mọ́tò dúró. Mo wo fèrèsé lápá ọ̀dọ̀ mi, mi ò rí ilẹ̀. Mo rí ẹ̀yìn ẹyẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ikùn ẹyẹ ni mo máa ń rí bó bá ń fò, ṣùgbọ́n ẹyẹ yìí ń fò ní ìsàlẹ̀ wa, mo rí ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì láti òkè. Mo di ọwọ́ ọkọ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù ju tèmi lọ.

"Bọ̀dá, ẹ rọra," ó sọ.

"Délé, ṣé ìwọ lo fẹ́ wà á ni?"

Ohun kan dún pàá nínú àpò oúnjẹ wa, Màmá sì ké Jésù. Ọ̀rá ìpékeré ọ̀dùnkún tí a rà ní Texas ló wú títí tó fi bẹ́. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ọkọ mi ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló fúyẹ́. Màmá ní afẹ́fẹ́ tó lè mú ọ̀rá bẹ́ lè mú èèyàn bẹ́, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú.

A dé orí rẹ̀ ṣá. Mi ò ní purọ́, ó dára. Ilẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ títí ojú ò fi ríran mọ́. Màmá wọ kóòtù méjì lé ìró àti bùbá, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n bu yìnyín sọ́wọ́, wọ́n fi ahọ́n tọ́ ọ wò. "Bíi ti inú fíríìjì ni," wọ́n wí, ojú wọn sì kún fún omi. Ọkùnrin òyìnbó kan bi wá pé níbo la ti wá.

"Houston," Bọ̀dá dáhùn.

Ó ní rárá, níbo la ti wá gan-an.

"Gulfton." Bọ̀dá mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gba kámẹ́rà wa, ó ya gbogbo wa pọ̀. Bí ẹ bá wo fọ́tò náà, ẹ ó rí i pé Bọ̀dá fi ọwọ́ kan di iwájú orí mú. Orí ń fọ́ wọn. Èémí ò fẹ́ tó gbogbo wa, ṣùgbọ́n tiwọn le jù. Wọn ò jẹ nǹkan kan, wọn ò jókòó, wọ́n ṣáà ń wo ọ̀nà tí a máa gbà padà. Mo rí i, mi ò sì fẹ́ràn ohun tí mo rí.

Fíríì

Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ mọ́tò gba àwọn òkè Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ẹ mọ ohun tí àwọn awakọ̀ wa máa ń ṣe. Bí wọ́n bá dé orí òkè, wọ́n á fi jíà sí fíríì, ẹ́ńjìnì á sinmi, mọ́tò á máa yí lọ fúnra rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, epo ò sì ní jó. Nígbà tí epo bá wọ́n, ọgbọ́n ni. Ọgbọ́n náà ti mọ́ Bọ̀dá lára. Ṣùgbọ́n òkè tiwa, kí o tó kọ orin kan tán o ti dé pẹ̀tẹ́lẹ̀. Eléyìí ò ní ìsàlẹ̀ tí ojú rí.

Láti ibi tí mo jókòó sí, lẹ́yìn Màmá, mò ń rí abẹ́rẹ́ tó ń fi jíà hàn. Bí a ṣe kọjá igun àkọ́kọ́, ọwọ́ Bọ̀dá lọ síbi jíà. Abẹ́rẹ́ kúrò lórí D, ó bọ́ sórí N, ìyẹn fíríì. Ariwo ẹ́ńjìnì rọlẹ̀, ó ku ìró òkúta lábẹ́ táyà.

"Ó wá ń rìn jẹ́jẹ́," Màmá sọ, inú wọn dùn.

Gbogbo ohun tí mo kà lára pátákó ń padà wá sí mi lọ́kàn. Mo fi ìgúnpá gún ọkọ mi, mo fojú júwe abẹ́rẹ́ fún un. Ó ti rí i. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi lanu sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ń wa mọ́tò, níwájú ìyá tó bí wọn, lẹ́yìn tí òyìnbó kan ti fi ọ̀rọ̀ kan náà wọ́ wọn nílẹ̀. Kí ìyàwó ilé wá tún un sọ? Mo ń bẹ̀rù òkè, mo sì ń bẹ̀rù Bọ̀dá, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ọkọ mi gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀. Mo fẹ́ tọ̀."

"Níbo ni kí n dúró sí? Ṣé o rí etí ọ̀nà ni?"

Òótọ́ ni, kò sí etí ọ̀nà. Igun kan tẹ̀lé òmíràn, eré mọ́tò sì ń pọ̀ sí i. Òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, bí ìgbà tí irin àti rọ́bà bá ń jó pọ̀. Mo rí orúnkún Bọ̀dá tó ń lọ sókè sódò, wọ́n ń tẹ bíréèkì léraléra. Òtútù pọ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ òógùn ń ṣàn lọ́rùn wọn. Mo mọ̀ pé bí a bá dé ibi tí bíréèkì yẹn kò ní mú mọ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe fún àwa mẹ́rin mọ́.

Mo fi ọwọ́ kan èjìká Màmá. "Màmá, ẹ bá mi bẹ Bọ̀dá. Kí wọ́n gbé jíà sí ibi tí wọ́n kọ L sí. Bíréèkì ti ń jó."

Mo rọra sọ ọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì ò pariwo, gbogbo wa la gbọ́.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ jíà lẹ́yìn yẹn?" Bọ̀dá bi wá.

Màmá yíjú sí Bọ̀dá. "Àkànní," wọ́n pè. Oríkì Bọ̀dá nìyẹn. Nínú gbogbo Houston, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n bẹ́ẹ̀ rí. "Àkànní, gbé e sí ibi tí ìyàwó wí."

"Màmá, ẹ ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò. Ẹ jẹ́ kí n concentrate."

"N ò mọ mọ́tò. Ìwọ ni mo mọ̀. Ẹ̀rù ń bà ọ́. Ó ti ń bà ọ́ láti orí òkè lọ́hùn-ún. Èmi náà, ó ń bà mí. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ, Àkànní. Gbé e síbẹ̀."

Bọ̀dá fa jíà. Abẹ́rẹ́ kúrò lórí N, ó kọjá D, ó dúró lórí L. Ẹ́ńjìnì ké, mọ́tò fà sẹ́yìn, orí gbogbo wa sì ta síwájú. Igun tó tẹ̀lé e ti dé. Táyà apá ọ̀dọ̀ mi gba bèbè kọjá, mo gbọ́ bí òkúta ṣe ń já lọ sísàlẹ̀, mi ò gbọ́ ìgbà tí wọ́n balẹ̀. Mo di ojú. Nígbà tí mo là á, ojú ọ̀nà ni a wà, mọ́tò sì ń rìn bí ẹni tó ń gbé ẹrù wúwo, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń wo bíréèkì

Ilé pákó kékeré kan wà ní agbedeméjì òkè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá mọ́tò dúró láti wo bíréèkì. Ọmọbìnrin òyìnbó kan jáde. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú, ó tètè fà á padà. Èéfín ń yọ níbẹ̀. Ó ní kí gbogbo wa bọ́ sílẹ̀, a ò lọ síbì kan títí yóò fi tutù.

Màmá ti gbé fúláàsì omi, wọ́n ń lọ síbi táyà kí wọ́n dà á lé e, bí a ṣe máa ń ṣe tí rédíétọ̀ bá hó. Ọmọbìnrin náà sáré dì wọ́n lọ́wọ́, ó ní irin náà máa là. Màmá fẹ́ dúpẹ́, wọ́n tẹ orúnkún díẹ̀. Ó rò pé wọ́n fẹ́ ṣubú ni, ó gbá wọn mọ́ra, kò sì tètè fi wọ́n sílẹ̀. Inú mi dùn pé wọ́n rí ẹni dì mọ́.

Bọ̀dá lọ sẹ́yìn àpáta kan. Mo rí ẹ̀yìn wọn tó ń mì, mo rí i tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń bì. Màmá fi ọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú, wọ́n yí ojú mi kúrò níbẹ̀.

"Ìyàwó, kọjú síbí. Wo irun ọmọ òyìnbó yìí, ṣé o rí bó ṣe gùn tó?"

Mo wo irun ọmọ òyìnbó títí Bọ̀dá fi padà dé. L ni wọ́n fi wà wá dé ìsàlẹ̀. Ọkùnrin ẹnu géètì juwọ́ sí wa, Bọ̀dá sì juwọ́ padà sí i.

Gulfton

Ẹ ó máa rò ó pé àṣírí ni mò ń tú yìí. Rárá o. Màmá mú ìlérí tí wọ́n ṣe nínú mọ́tò ṣẹ, wọn ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi lọ bá àwọn àgbà. Mo béèrè lọ́wọ́ Bọ̀dá kí n tó kọ ọ́, wọ́n sì ní, "Kọ ọ́. Àwọn ọmọ wa ti ń wa mọ́tò báyìí."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé ìpadàbọ̀ wa, àwọn ará ìjọ wa ya wá sílé ní ọ̀sán láti kí Màmá kú ewu ọ̀nà. Bọ̀dá sọ ìtàn òkè fún wọn, wọ́n sì sọ ọ́ dáadáa. Wọ́n ní bíréèkì kọ̀, wọ́n ní gbogbo wa ń ké, wọ́n ní àwọn fara balẹ̀, àwọn fi jíà sí L.

"Experience," ọkùnrin kan wí. "Ká ní àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí yìí ni, wọn ì bá ti kú."

Màmá ń jẹun wọn lọ. "Olúwa ló ṣe é," wọ́n sọ, wọ́n sì tọrọ ẹran.

Ọkọ mi wo ojú mi, mo dìde, mo lọ sí kíṣìnì láti bu ọbẹ̀ sí i. Mi ò bínú. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ní pálọ̀, mo sì rí i pé ṣíbí ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, ọbẹ̀ ń dà sórí sítóòfù. Bọ̀dá wọlé wá bu omi mu. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi, wọ́n bu omi, wọn ò mu ún. Wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi.

"Ìyàwó."

"Sà."

"Tí mo bá ti di ojú báyìí, mo ṣì ń gbọ́ òórùn bíréèkì yẹn."

Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. "Èmi náà ń gbọ́ ọ, sà."

Wọ́n mi orí. Wọ́n fa àga tábìlì kíṣìnì, wọ́n jókòó, àwọn àlejò sì ń pè wọ́n láti pálọ̀. A wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, títí ọwọ́ àwa méjèèjì kò fi gbọ̀n mọ́.